Aràn Ara Adìẹ àti Aràn Tí Í Fa Jàbùtẹ̀

Ìyá ilé kan lè pa adìẹ, kí ó máa ṣí awọ kúrò lára ẹran, kí ó sì rí aràn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun, bí òwú ìránṣọ, tí ó ká jọ sí abẹ́ awọ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn. Ẹ̀rù yóò bà á. Bí aládùúgbò kan bá wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ. Ní àdúgbò bí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, níbi tí adìẹ ìbílẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyẹlé ti ń bá ènìyàn gbé inú àgbàlá kan náà, ó yẹ kí a mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ìyá wa, aràn inú ìfun adìẹ kọ́ ni à ń sọ. Inú ìdọ̀tí ilẹ̀ ni adìẹ ti ń ṣa ẹyin ìyẹn jẹ. Èyí tí à ń sọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fìlárìà, kì í gbé inú ìfun. Oríṣiríṣi rẹ̀ wà lára ẹyẹ ilé àti ẹyẹ igbó: kannakánná, àdàbà, ẹ̀ga. Abo rẹ̀ a máa tú ọmọ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Bí ẹ̀fọn tàbí kòkòrò mìíràn tí í mu ẹ̀jẹ̀ bá jẹ ẹyẹ náà, yóò fa ọmọ aràn mọ́ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ aràn bá ti dàgbà díẹ̀ nínú kòkòrò náà, yóò bọ́ sí ara ẹyẹ mìíràn tí kòkòrò náà bá jẹ. Iná tí í gbé inú ìyẹ́ pàápàá a máa gbé irú kan lára àwọn aràn yìí kiri. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí ó ní in kì í fi àmì àìsàn kankan hàn.

Nítorí náà, ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà tí aràn yìí ń gbà ràn. Ẹ gé ibi tí ó wà sọnù, kí ẹ sì se ẹran náà jinná dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí aràn ẹyẹ dé ara ènìyàn. Ní ọdún 2011 ni àwọn oníṣègùn ròyìn irú rẹ̀ kan tí wọ́n rí nínú ojú ènìyàn ní Brazil. Ẹyẹ tí ó ń ṣàìsàn tàbí tí ó kú fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, obìnrin kan ní Èkó kú nípa àrùn lùkúlùkú adìẹ, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà pé àrùn náà pa. Ẹ má pa irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ jẹ, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kàn án.

Aràn tí í fa jàbùtẹ̀ àti ìpá jẹ́ ìbátan aràn ẹyẹ yìí, ṣùgbọ́n ara ènìyàn nìkan ni ó ń gbé. Kì í ṣe ohun tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oríta ni ó ń fà á. Ní ọdún 1877, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ni oníṣègùn ará Scotland kan, Patrick Manson, rí ọmọ aràn yìí tí ó ń dàgbà nínú ẹ̀fọn. Níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri náà ni ó sábà máa ń gbé e. Ní àwọn ìlú Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íńdíà, ẹ̀fọn inú gọ́tà ni, èyí tí í jẹ adìẹ tí í sì í jẹ ènìyàn. Àgbà aràn náà lè lo ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ara. Ìgbà èwe ni ó sábà máa ń wọlé, ẹsẹ̀ a sì tó wú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tí ó sùn láìsí àpò ẹ̀fọn lónìí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ẹ gbé ilé adìẹ jìnnà sí fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ da omi ìmumi wọn nù lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ọmọrí de dúrọ́ọ̀mù omi. Nǹkan kékeré ni gbogbo èyí, kò sì náni lówó.

Oògùn wà pẹ̀lú. Ní agbègbè tí ìjọba bá ti ń pín in, ivermectin àti albendazole ni à ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láìgba owó. A kì í fún aláboyún ní ivermectin, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fún abiyamọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó bímọ, tàbí ọmọ tí kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 90. Irú ìpín oògùn bẹ́ẹ̀ ni Togo tẹra mọ́ títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí sí i ní ọdún 2017 pé àrùn náà kò jẹ́ ìṣòro fún ará ìlú mọ́, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sábẹ́ ìró. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó máa fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, kí ó nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kí ó tọ́jú egbò kékeré kíákíá, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí bí ó bá fẹ́ sùn.