Ẹ má tíì ta kọ̀ǹpútà géèmù yẹn fáwọn onírin, ó ṣì ń mí!

Bọ́rọ̀ ṣe rí báyìí, ẹni tó bá ní àpótí kọ̀ǹpútà géèmù àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń wá ẹni tó máa gbé e dànù, kó tún inú rò o. Láti oṣù kẹfà, ọdún 2023, tí ìjọba ti ní kí náírà máa wá iye ara ẹ̀ lọ́jà, ẹrù tó ń tòkè òkun wọlé ti gbówó lórí. Nígbà tó sì fi máa di ìparí ọdún 2025, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ẹ̀rọ AI tún gbá RAM tuntun mọ́ra, ni iye ẹ̀ bá fò sókè. Kọ̀ǹpútà géèmù tuntun wá di nǹkan ọmọ olówó.

Ẹ wo àpótí tí wọ́n tò jọ lọ́dún 2011, tí processor ẹ̀ ń jẹ́ Intel Core i5-2500K. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀gá ni láàárín àwọn onígéèmù. Bí wọ́n bá gbé e dé Computer Village, n'Ìkẹjà, lónìí pé kò tàn mọ́, ẹnjiníà tó bá mọṣẹ́ ò ní kọ́kọ́ dárúkọ ọjà kankan. Eruku ló máa fẹ́ jáde. Á yọ RAM, á fi iréésà nu eyín ẹ̀, á pààrọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó jẹ́ pé bó bá ti kú, déètì inú ẹ̀rọ á máa padà sẹ́yìn. Á wá nu ìpara tó ti gbẹ lórí processor, á fi tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ òkú ló ń jí níbẹ̀ yẹn.

Power pack lèèyàn ò gbọdọ̀ fojú kéré. Èyí tó fúyẹ́ bíi páálí, tí wọ́n kọ 600 wáàtì sí lára, irọ́ burúkú ló sábà máa ń pa. Pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, bó bá bú, ó lè má dá nìkan kú, á fa motherboard àti graphics card dání. Ẹni tó bá ṣahun níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa sanwó.

Lẹ́yìn ìyẹn, SSD ló kàn. Kò ní àwo tó ń yí bíi ti hard disk, ẹ̀rọ tó ti ń fà bí ìgbín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Tokunbo RAM DDR3 náà ṣì wà, tó bá sì wu olówó ẹ̀, i7-2600K á wọnú ihò kan náà tí i5 yẹn wà.

Àmọ́ ìdí graphics card gan-an làwọn gbájú-ẹ̀ jókòó sí. Ní September 15, ọdún 2022 tí Ethereum fòpin sí fífi graphics card wa owó, àwọn tó ń wa á da tiwọn sọ́jà. Àwọn yẹn tiẹ̀ sàn, fáànù àti ìpara wọn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Èyí tó burú ni ayédèrú: GTS 450 ọdún 2010 tí wọ́n yí ọpọlọ ẹ̀ padà kó lè máa pe ara ẹ̀ ní GTX 1050 Ti ọdún 2016. Àwọn ọmọ ń fẹ́ 1050 Ti yìí torí pé 75 wáàtì ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ ò sì nílò wáyà iná mí-ìn. Kẹ́ni tó bá fẹ́ẹ́ rà á ní kí wọ́n tàn án níṣojú òun, kí wọ́n ṣí GPU-Z, tí kì í gba kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ó máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ ẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ní kò síná, kó máa bá tiẹ̀ lọ!

Ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe báyìí á gbé GTA V ti ọdún 2015 pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Àwọn géèmù tuntun kan tó ń béèrè AVX2 ò ní ṣí rárá, processor ọdún 2011 ò ní in. Windows 11 náà ò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ October 14, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Kí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n fi sáré mọ́tò. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báǹkì ni kí wọ́n má tẹ̀ síbẹ̀.