KÍ ÌRÒYÌN TÓ KỌJÁ ORÍTA: Ètò àti Ìpolongo Iṣẹ́ Ìròyìn Ọ̀nà Lórí Tẹlifóònù àti Íntánẹ́ẹ̀tì ní Agbègbè Simawa

Ìfáàrà

Simawa jẹ́ ìletò kan ní ilẹ̀ Rémọ, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Bí ènìyàn bá ń ti Ìbàdàn bọ̀, yóò kọ́kọ́ dé oríta ńlá Ṣágámù, lẹ́yìn náà Simawa, kí ó tó wá kan Ibùdó Ìràpadà ti ìjọ Rìdíìmù, Mówé àti Ìbàfò. Òǹkàwé lè ka gbólóhùn yìí bí ẹni tí ń ka orúkọ ìlú lásán, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nínú bébà yìí ni ó so mọ́ ọn. Oríta Ṣágámù ni ó rọrùn jù fún awakọ̀ tí ó kọjú sí Èkó láti yan ọ̀nà mìíràn. Ó lè yà gba inú Ṣágámù lọ sí Ògíjó àti Ìkòròdú. Ó sì lè yà sí apá kejì, kí ó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta títí yóò fi já sí Sángo Ọ̀tà. Bí ó bá ti kọjá oríta náà tí ó sì dé Simawa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan pé ohun tí ó bá wà níwájú ni yóò bá pàdé. Ìròyìn tí ó bá a ní Simawa kì í ṣe ìròyìn mọ́, ìtàn ni.

Ohun tí ó jẹ wá lógún ni bí a ṣe lè ṣètò iṣẹ́ ìròyìn ọ̀nà lórí tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń gba agbègbè yìí kọjá, kí a sì polongo rẹ̀ kí wọ́n lè máa lò ó. A kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ó ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò sọ, àti ìgbà tí yóò sọ ọ́, ni ó kàn wá ní ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa. Èrò wa ni pé níbi ọ̀rọ̀ gan-an ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń kùnà.

Ohun tí ó ti wà nílẹ̀

Ní 1978 ni ìjọba ológun ìgbà náà ṣí ọ̀nà márosẹ̀ yìí. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àwọn ará Èkó ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Ní gbogbo àkókò yẹn, tẹlifóònù kò fi bẹ́ẹ̀ dé ìletò, síbẹ̀ ìròyìn ọ̀nà kò ṣàì máa rìn. Awakọ̀ tí ó ti ọ̀hún bọ̀ a máa tan iná ọkọ̀ rẹ̀ pàkàpàkà sí ẹni tí ń lọ. Àwọn tí ó wà ní gáréèjì a máa bi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé léèrè bí ọ̀nà ti rí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ lójú pópó a gé ẹ̀ka igi tútù, a sì tò ó sí ojú ọ̀nà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Irú àrokò kan ni ewé yìí, a sì rí i títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ibi tí wọ́n ń tò ó sí: kì í ṣe ara ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, bí kò ṣe ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí i, kí ẹni tí ń bọ̀ lè rí àyè dín eré rẹ̀ kù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ to ewé bẹ́ẹ̀ ti mọ òfin kìíní nínú ètò ìròyìn ọ̀nà.

Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Àjọ yìí ní nọ́mbà 122 tí ènìyàn lè pè láìsan owó. Nọ́mbà 112 náà wà fún pàjáwìrì gbogbo, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ TRACE tí ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀. Láti 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká ti dé, ó wá di ohun tí tálákà náà lè fi bi ọ̀nà léèrè. Ní 2012 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá rédíò ìrìnnà ọkọ̀, 96.1 FM, sílẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà sì ní tirẹ̀ ní Àbújá lórí 107.1 FM. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aráàlú fúnra wọn ni ó ṣe bẹbẹ: Gidi Traffic lórí Twitter, tí a ń pè ní X nísinsìnyí, kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ tí wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí ní Èkó fún ara wọn.

Èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2021, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter. Ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹẹrẹ 2022 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Fún oṣù méje, ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú kan ṣoṣo yìí fún ìròyìn ọ̀nà ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá. A kò sọ èyí láti jiyàn òṣèlú. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ó bá máa gba ẹ̀mí là kò gbọdọ̀ fi gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí ìkànnì tí ẹlòmíràn lè tì pa lóru ọjọ́ kan.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ kan hàn níhìn-ín. Ẹni tí ó pe 122 tàbí 112 ń ké gbàjarè: jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n wá. Ẹni tí ó fẹ́ ìròyìn ọ̀nà kò tíì rí jàǹbá kankan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbéra, tàbí ibi tí kí òun gbà. Bí a bá da ìpè méjèèjì yìí pọ̀ sórí nọ́mbà kan, ẹni tí ń ṣẹ̀jẹ̀ yóò máa dúró de ẹni tí ń béèrè bóyá Mówé dí. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 300 nọ́mbà tẹlifóònù tí wọ́n ń pè fún ìròyìn ọ̀nà, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ìjọba wọn tó yan 511 ní oṣù Agẹmọ 2000 láti dípò gbogbo wọn. Wọ́n fi 911 sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Àwa kò tíì ní irú nọ́mbà kejì yìí fún ọ̀nà márosẹ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ tí ó dé tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹni tí ó kọ bébà yìí wà nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Nígbà tí a ṣì wà ní Ògèrè, arákùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà lórí fóònù rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó dárúkọ kìlómítà kan, ó sì ní ọkọ̀ ńlá ti dábùú ọ̀nà ní ìhà “inward”. Arákùnrin náà kà á sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tí ó mọ ibi tí kìlómítà náà wà. Ìjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ lórí “inward”: àwọn kan ní ìhà tí ó wọ Ìbàdàn ni, àwọn kan ní ìhà tí ó wọ Èkó ni. Awakọ̀ ní kí a jẹ́ kí òun gbájú mọ́ ọ̀nà. À ń jiyàn títí a fi kọjá oríta Ṣágámù. Simawa ni a ti rí ìdí ọkọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú èyí tí ó tò. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin tí a fi wà lójú kan. Ìyá kan tí ó ń gbé ọmọ aláìlera lọ sí ilé ìwòsàn ní Èkó wà láàárín wa. Ó pọn ọmọ náà, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn títí ó fi rí ọlọ́kadà.

Ìròyìn náà dé lásìkò, nítorí Ògèrè wà ṣáájú oríta. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò wúlò fún ẹni tí ó gbà á. Bí wọ́n bá sọ pé “láàárín Simawa àti Ibùdó Ìràpadà”, kò sí ẹni tí yóò jiyàn. Orúkọ ibùdókọ̀ àti ti ọjà ni àwọn èrò ọkọ̀ fi mọ ọ̀nà. Òpó kìlómítà wúlò fún àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa lò ó láàárín ara wọn.

Bí a bá wá fẹ́ fi Yorùbá sọ ìhà ọ̀nà, a ó tún bá ìṣòro mìíràn pàdé. Ọ̀rọ̀-ìṣe lọ àti bọ̀ dúró lórí ibi tí olùsọ̀rọ̀ wà. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ní Èkó bá sọ pé “àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni kò rìn”, ọkọ̀ tí ó kọjú sí Èkó ni ó ní lọ́kàn. Bí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn bá sọ gbólóhùn kan náà, òdìkejì rẹ̀ ni. Lórí rédíò tí a mọ ìlú tí ó wà, etí lè yanjú rẹ̀. Lórí tẹlifóònù, ẹni tí ń pè kò mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá, ó sì lè jẹ́ ohùn tí a ti gbà sílẹ̀. Àbá wa ni pé kí a fi lọ àti bọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí a máa lo “ìhà tí ó kọjú sí Èkó” àti “ìhà tí ó kọjú sí Ìbàdàn”. Kọjú sí kò bìkítà nípa ibi tí ẹnikẹ́ni dúró sí.

“Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ” náà gba àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwọn oníròyìn sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bo ìdádúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́lẹ̀, ó sì bo ti òru mọ́jú. Ó tó kí a ní ìpele mẹ́ta tí kò ní í yí padà: ọkọ̀ ń falẹ̀, ọkọ̀ ń rìn, ó ń dúró, ọkọ̀ dúró gbagidi. Bákan náà, “lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí” kò nítumọ̀ nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Aago ni kí a dá.

Èyí tí ó léwu jù lọ wà nínú ìròyìn tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ìkànnì kan bá kọ “oko epo n jo”, kí ni kí a kà? Ọkọ̀ epo ń jó, tàbí ọkọ̀ epo ń jò? Èkíní, iná ti ràn, olúkúlùkù yóò sá. Èkejì, epo ń kán sílẹ̀, iná kò tíì ràn. Ìrírí ilẹ̀ wa sì fi hàn pé àwọn ènìyàn máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2024, ní Majiya ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ó lé ní 150 ènìyàn tí ó kú nígbà tí iná ràn mọ́ epo tí ó dà láti inú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù 2018, ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà márosẹ̀ tiwa yìí, iná ọkọ̀ epo jó ọkọ̀ tí ó lé ní 50. Àwọn olùkọ́ wa yóò sọ pé kí a máa fi àmì sí ọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n a kò lè dúró de ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn yóò máa ṣe é. Kí a yan ọ̀rọ̀ tí kò ní í ṣini lọ́nà bí a tilẹ̀ yọ àmì rẹ̀ kúrò: “ọkọ̀ epo ti gbiná” fún èkíní, “epo ń dà sílẹ̀, ẹ má ṣe súnmọ́ ọn” fún èkejì.

Ta ni yóò pè, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀?

Òfin ìrìnnà ọkọ̀ ilẹ̀ wa kò gba awakọ̀ láyè láti máa lo fóònù bí ó ti ń wakọ̀. Nítorí náà, ẹni tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí fún kì í ṣe awakọ̀ tí ó wà lórí eré. Èrò ọkọ̀ ni, tàbí awakọ̀ tí ó ṣì wà ní gáréèjì, tàbí ìdílé tí ń retí ẹnìkan nílé. Ìpolongo gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn wọ̀nyí níbi tí wọ́n wà. Pátákó ìpolówó tí a bá rì mọ́ Simawa fún ẹni tí ó kọjú sí Èkó, owó tí a fi ṣòfò ni, ìdí rẹ̀ sì ti hàn. Ògèrè ni kí ó wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń dúró sinmi, àti àwọn gáréèjì Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ àjàgbé náà ni ó ń sọ Hausa, Sábó Ṣágámù sì ti jẹ́ ibùjókòó àwọn oníṣòwò obì láti Òkè Ọya tipẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ẹni tí ó kọ bébà yìí, ṣùgbọ́n nọ́mbà tí Yorùbá nìkan bá ń dáhùn yóò fi àwọn tí ń wa ọkọ̀ tí ó wúwo jù lọ sílẹ̀.

Àwọn ìgbà tí ọ̀nà máa ń dí ní ẹ̀gbẹ́ Simawa kò fi bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìsìn òru ní Ibùdó Ìràpadà. Àpéjọ ọdọọdún wọn wà ní oṣù Ògún, òmíràn sì wà ní oṣù Ọ̀pẹ. A lè fi ọjọ́ wọ̀nyí sórí ìkànnì ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, kí a sì bẹ ìjọ náà àti àwọn ìjọ mìíràn tí ó ní ibùdó lẹ́bàá ọ̀nà yìí láti máa kéde nọ́mbà náà fún àwọn ọmọ ìjọ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ tẹnu mọ́ nípa ìpolongo: kí ó má ṣe ṣáájú iṣẹ́. Ẹni tí ó pe nọ́mbà tuntun lẹ́ẹ̀kan tí kò sí ẹni tí ó gbé e, tàbí tí ó gbọ́ ìròyìn àná, kò ní í pè é mọ́, yóò sì sọ fún gbogbo gáréèjì. Kí a fi oṣù mélòó kan dán an wò pẹ̀lú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Ṣágámù láìpariwo, kí a tó gbé pátákó kankan.

Èyí ni àpẹẹrẹ irú ìdáhùn tí a ní lọ́kàn: “Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ òní ni a rí ọ̀nà wò gbẹ̀yìn. Ní ìhà tí ó kọjú sí Èkó, láàárín Simawa àti Ibùdó Ìràpadà, ọkọ̀ dúró gbagidi. Ẹni tí kò bá tíì dé oríta Ṣágámù lè yà gba Ògíjó. Ní ìhà tí ó kọjú sí Ìbàdàn, ọkọ̀ ń rìn dáadáa.” A kà á sókè, a sì wo aago: kò gba ìdajì ìṣẹ́jú. Èrò ọkọ̀ tí káàdì inú fóònù rẹ̀ kò tó nǹkan lè gbọ́ ọ tán kí ìpè tó já.