Gìtá MIDI tí kò dún lórí kọ̀ǹpútà: ohun tó yẹ kí onígìtá mọ̀

Bí onígìtá bá so gìtá MIDI mọ́ kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, tí kò gbọ́ ohùn kankan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ rò ni pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Bẹ́ẹ̀ gìtá náà lè má ní àbùkù kankan.

MIDI, tó jáde lọ́dún 1983, kì í gbé ohùn rárá, àṣẹ ló ń gbé: ohùn wo ni wọ́n ta, báwo ni wọ́n ṣe ta á le tó, ìgbà wo ló dákẹ́. Ó di dandan kí ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí yóò sọ àṣẹ náà di ohùn dùùrù tàbí fèrè.

Ìṣòro kejì ni kí ohùn máa pẹ́ jáde. Okùn tó nípọn jù lára gìtá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fetí sí i díẹ̀ kó tó dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ìyẹn kò ṣeé mú kúrò pátápátá. Èyí tó ti ara kọ̀ǹpútà wá ló ṣeé dín kù: lórí Windows, ẹ lo ètò ASIO, kí ẹ sì dín buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, kù. Ṣùgbọ́n bó bá kéré jù, ohùn yóò máa já.

Ẹ yẹ gbogbo èyí wò kí ẹ tó dá ẹni tó tà á lẹ́bi.