Ẹni Tí Ó Ṣíwájú Dé Kọ́ Ni Ó Borí

Gbogbo wa mọ̀ pé nínú eré ìje, ẹni tí ó bá ṣíwájú dé òpin ni ó borí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìje ọkọ̀ onígbòkun tí ó ń yí Erékùṣù Wight ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ gígùn a máa yá ju kúkúrú lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń díwọ̀n ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣáájú, tí a sì ń fi ìwọ̀n náà ṣírò àkókò tí ó lò. Ní ọdún 1931, nígbà tí a kọ́kọ́ sá a, ọkọ̀ 25 ni ó jáde. Merry Conceit, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22 péré, ni ó gba ife. Lójú tiwa, òdodo ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò mọ ti afẹ́fẹ́: ọkọ̀ ńlá lè ti kọjá kí ìṣàn òkun tó yí padà, kí ó sì dá kékeré dúró sẹ́yìn.