Ẹni tó fẹ́ ṣe eré Mọremí, kó kọ́kọ́ wọkọ̀ dé Molútẹ̀hìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn, tó sì ń ṣe eré nílẹ̀ yìí wí, pàápàá jù lọ lórí ọ̀rọ̀ Mọremí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìtàn náà. Àwọn jagunjagun kan a máa wọ ẹ̀wù ìko, wọn a ya wọ Ilé-Ifẹ̀, wọn a kó ènìyàn àti dúkìá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí Mọremí fi jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, tó di aya ọba wọn, tó sì rí àṣírí wọn pé ògùṣọ̀ iná ló lè ṣẹ́gun wọn. Olóyè Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú un wọ inú Mórountódùn, ìwé eré rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1982. Bọ́láńlé Austen-Peters náà gbé e sórí ìtàgé ní Èkó lọ́dún 2018, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère ńlá Mọremí ní Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn wo ló wọ ẹ̀wù ìko yẹn? Ìtàn àwọn ará Ùgbò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi yéni pé àwọn baba ńlá tiwọn ni. Wọ́n ní àwọn ló wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, àti pé nígbà tí àwọn ń padà wá jà, ilé baba àwọn ni àwọn ń bèèrè, àwọn kì í ṣe olè. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba tiwọn gbọ́ ju ti Ifẹ̀ lọ. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn náà délẹ̀, kó gbọ́ tẹnu wọn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé Molútẹ̀hìn. Abúlé apẹja ni, létí òkun gan-an, nítòsí Awóyè, nílẹ̀ Ùgbò. Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ni mọ́tò ti máa ń já èrò sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé lágbègbè náà, lórí òpó tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀, afárá pákó sì ni wọ́n ń tọ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn ọkùnrin ń dẹ àwọ̀n lójú òkun, àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n sì ń sá edé. Omi yí wọn ká, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni. Omi òjò ni wọ́n ń gbè dè fún mímu.

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í já sófo. Lọ́dún 1953, Yukio Mishima, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Japan, kúrò ní Tokyo, ó wọkọ̀ lọ sí Kamishima, erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn apẹja. Ó gbé láàrin wọn, ó wo iṣẹ́ àti ìṣe wọn, ó sì fi ohun tó rí kọ ìwé ìtàn ìfẹ́ kan tó jáde lọ́dún 1954. Ọmọ ilẹ̀ Japan mìíràn, Kaneto Shindo, ya fíìmù ní erékùṣù Sukune lọ́dún 1960. Fíìmù náà dá lórí ìdílé kan tó ń fi ọkọ̀ lọ pọn omi mímu níbòmíràn, nítorí kò sí omi dídùn lórí erékùṣù wọn. Ta ni yóò sọ fún ọmọ Ìlàjẹ pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì?

Nílẹ̀ Ìlàjẹ níbí, Stanley Barrett, onímọ̀ láti Kánádà, gbé Ayétòrò, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947, níbi tí gbogbo ará ìlú ti jọ ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan nígbà kan rí. Ó tún lọ sí abúlé mìíràn nítòsí kó lè fi wéra. Ìwé méjì ló ti inú iṣẹ́ náà jáde, lọ́dún 1974 àti 1977. Bí àlejò bá lè ṣe èyí, kí ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró?

Ìdí tí a fi ń kánjú ni pé òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Etíkun ibẹ̀ kì í ṣe yanrìn bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ ni, ìgbì sì tètè ń gbá a lọ. Àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì tún jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú igbó omi dídùn, igi àti ẹja ibẹ̀ sì kú. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ. Láti ọdún 2004 ni àjọ NDDC ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi ibẹ̀ síta, síbẹ̀ omi ṣì ń wọlé. Àwọn ará Molútẹ̀hìn àti Awóyè náà wà nínú ìṣòro yìí. Bí ilé bá wọmi, àwọn ènìyàn a fọ́n ká lọ sí Igbókọ̀dá, Wàrì àti Èkó. Àgbà tó mọ ìtàn a di àyálégbé láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré, ẹ má ṣe jókòó sí Èkó kọ ìtàn Ùgbò. Ẹ wọkọ̀, ẹ kí baálẹ̀, ẹ sùn níbẹ̀, ẹ tẹ́tí. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé e padà wá kí àwọn tó sọ ìtàn náà wò ó. Ẹ̀yin àgbà etíkun, ẹ má ṣe dúró de àlejò. Fóònù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ pè wọ́n jókòó lálẹ́, ẹ ní kí wọ́n gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ àwọn ibi tí òkun ti gbé lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba, ẹ bá wọn dí omi òkun yìí. Ilẹ̀ tó bá ti rì, kò sí eré tó lè gbé e padà.