Bí Ọṣẹ Kò Bá Hó, Ẹ Má Torí Ẹ̀ Padà Sídìí Omi Adágún

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn lónìí.

Láwọn ibì kan, bí èèyàn bá fi omi pọ́ǹpù fọṣọ, ọṣẹ kì í hó. Inú ìkòkò tí a fi ń se omi á funfun bí ẹfun. Ẹ̀wà á pẹ́ lórí iná. Omi líle nìyẹn.

Kí ló fà á? Ẹ ṣáà mọ Onigbolo, láàárín Kétu àti Pobè, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Bí òjò bá wọnú ilẹ̀ tó nírú òkúta bẹ́ẹ̀, á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, á sì gbé e wá sínú kànga.

Ṣé ó ń pani? Rárá o. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fòfin de líle omi nítorí ìlera. Èyí tó ń pani ni ká sọ pé, "Omi yìí ń jẹ ọṣẹ mi," ká wá padà sídìí omi adágún. Ọṣẹ lè hó nínú ìyẹn lóòótọ́, torí omi òjò ni. Àmọ́ ìgbẹ́ ẹran àti tèèyàn ń ṣàn wọ̀ ọ́, kọ́lẹ́rà sì wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí sobìà? Inú omi adágún la ti ń mu ún. Ọdún 2009 ni wọ́n tó jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa.

Kí la ó wá ṣe? Ẹ jẹ́ ká pín omi. Ti pọ́ǹpù, ká máa mu ún, ká máa fi se oúnjẹ. Ti òjò, ká máa fi fọṣọ. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù ná, kẹ́ ẹ tó gbé igbá sí i. Ẹ bo ìkòkò omi, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Eérú igi tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú wúlò. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi ìfọṣọ, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó rogún di àárọ̀, kẹ́ ẹ da ojú rẹ̀ tó mọ́ lò. Ìfọṣọ nìkan o! Ẹ má mu ún, ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú ọmọ. Ti ẹfun inú ìkòkò, omi ọsàn wẹ́wẹ́ á mú un rọ̀, kẹ́ ẹ wá ha á.

Kẹ́gbẹ́ tó tú ká lónìí, ẹ bi ara yín: ta ló ṣì ń pọn omi adágún fún mímu ládùúgbò wa, kí ló sì fà á? Ẹ má bá a jà o. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó dàárọ̀.