Èbúté Olokola àti Iyanrìn Tí Kì Í Dúró Lójú Kan

Láti ọdún 2025 tí ìròyìn ti tàn ká pé Aliko Dangote ti kọ̀wé sí ìjọba pé òun fẹ́ kọ́ èbúté ọkọ̀ ńlá kan, èyí tí yóò jinlẹ̀ ju gbogbo èyí tí Nàìjíríà ní lọ, sí Olokola ní Ogun Waterside, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó gba ẹnu wa kan ní Òdogbolú àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ọjà Èjìnrìn ti ń hó létí ọ̀sà ni Ìjẹ̀bú ọmọ alárè ti mọ iyì ohun tí omi ń gbé wá. Ṣùgbọ́n èmi tí a bí sí àárín igbó àti oko, tí ìfẹ́ òkun sì ti wọ̀ mí lẹ́wù láti kékeré débi pé n kì í fi ìwé kan tí ó mẹ́nu bà á sílẹ̀ láìkà, iyanrìn etíkun yẹn ni ọkàn mi ń rò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé etíkun a máa dúró gbọn-in sójú kan, àfi bí Olókun Sẹ̀níadé bá bínú tí ó sì gé e jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì tí ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ni ó ń rán ìgbì sí etíkun wa, ìgbì náà kì í sì í kò wá lójú tààrà. Láti gúúsù díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń wá. Bí ó bá ń gun ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń gbé iyanrìn gbà. Bí ó bá ń padà, tààrà ni ó máa ń wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni hóró kọ̀ọ̀kan ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, bí ìdọ̀tí àgbàlá ti ń sún níwájú ẹni tí ń fi ọwọ̀ gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti Gánà, gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, títí dé Èkó àti iwájú rẹ̀, ìrìn náà kì í dá. Àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù kan mítà kúbíìkì lọ́dún ní àwọn ibi kan. Ohun tí ó mú kí etíkun wà ni pé iye tí ń lọ kò ju iye tí ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ayé àtijọ́, òkìtì iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé, tí wọ́n fi ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké ní Forcados. Láti 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun kí ẹnu ọ̀nà lè mọ́. Ọ̀nà mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò rí ibi kọjá mọ́: ó jọ sí ẹ̀yìn òkúta, ilẹ̀ ń fẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí Bar Beach tí ó wà ní ìlà-oòrùn ń san ohun tí a kò san fún un padà, títí ilẹ̀ rẹ̀ fi fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Láti 1958 ni a ti ń da iyanrìn síbẹ̀ tí òkun ń kó o lọ, kí a tó wá dé orí ògiri ìlú tuntun Eko Atlantic, èyí tí a wéwèé pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Bákan náà ni ó rí ní Kùtọnu lẹ́yìn èbúté 1965, bákan náà ni Aného ní Tógò jìyà lẹ́yìn èbúté Lomé ti 1968. Ìsédò Akosombo ní Gánà, tí wọ́n parí ní 1965, sì ti há iyanrìn odò Volta mọ́lé.

Ìlà-oòrùn Olokola ni àwọn ará Ìlàjẹ wà, níbi tí òkun ti jẹ́ oko, ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́ fún ènìyàn láti ìgbà tí ó bá ti lè wa ọkọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti tẹ Ayétòrò dó ní 1947, tí wọ́n da ohun ìní wọn pọ̀ sójú kan, tí wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì rí i. Òkun ti gba ilé, ó ti gba ibojì lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń kọ́ òmíràn, nítorí pé ẹni tí òkun tọ́ dàgbà kò mọ bí a ti í gbé ibòmíràn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A kò lè di ẹ̀bi Ayétòrò ru èbúté tí a kò tíì kọ́. Omi òkun ayé ti ga sókè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 láti 1900. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni ilẹ̀ apá ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Ọ̀gbun Avon tí ó wà lábẹ́ òkun lọ́wọ́ Lẹ́kí sì ń gbé apá kan iyanrìn mì. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba iyanrìn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Èrò tèmi, tí mo fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ, ni pé ìwọ̀nba náà gan-an ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù, nítorí pé ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀ ni àdánù òkèlè kan máa ń pa lára.

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà, àti ní ẹnu odò Tweed ní Ọsirélíà láti 2001, ẹ̀rọ ni a fi ń fa iyanrìn láti apá kan èbúté tàbí ẹnu odò kọjá sí apá kejì, kí ìrìn rẹ̀ má bàa dá. Mo fẹ́ kí èbúté Olokola wà, kí àwọn ọmọ wa sì rí iṣẹ́ níbẹ̀; ṣùgbọ́n kí a wọn ìrìn iyanrìn náà dáadáa kí òkúta àkọ́kọ́ tó bọ́ sómi, kí owó ẹ̀rọ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn àgbà Ìlàjẹ sì jókòó níbi tí a ó ti fọwọ́ sí i.